Fọlákẹ́ Níwájú Fèrèsé Àjumà

Òórùn ṣúgà tó ń yọ́ nínú òróró gbígbóná ló dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Muwaileh, nítòsí Dubai, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe òórùn àkàrà, kì í sì í ṣe ti pọ́f-pọ́ọ̀fù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bá àwọn méjèèjì tan. Sínámọ́nì wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà tí wọ́n gún wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun tó ti wú sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé àtẹ kékeré síwájú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń yà sí nírọ̀lẹ́. Ó mú irin pẹlẹbẹ kan tó ní ọwọ́, ó fi ń tẹ ìyẹ̀fun rogodo mọ́ inú páànù, ìyẹ̀fun náà ń fẹ̀, ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

Tẹniọlá, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, fà mí lọ́wọ́. “Mummy, hotok nìyẹn. Àwọn ará Kòríà ló ni ín.” Ó ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni pé ojú mi ò tó o rí. Àwọn ọmọ tiwa yìí, fíìmù Kòríà tí wọ́n ń wò lórí fóònù ti kọ́ wọn ní orúkọ oúnjẹ tí ẹnu wọn ò tíì kàn, oríkì ìyá tó bí ìyá wọn ni wọn ò mọ̀. Mo rà á fún un. Èmi ò jẹ níbẹ̀. Nígbà tó bi mí pé kí ló dé, mo ní inú mi ti kún. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ ló kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, ẹ̀yin tí ẹ rò pé látọjọ́ tí ilẹ̀ yìí ti wà ni ilé gogoro ti kún inú rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí Tẹniọlá, Karama là ń gbé, ní Dubai. Métírò, ọkọ̀ ojú irin ìlú náà, ò tíì sí. Ilé alájà mẹ́rin ni ilé wa, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan sì máa ń kán omi sórí ẹni tó bá ń kọjá nísàlẹ̀, débi pé àwa ọmọdé mọ ibi tí a lè gbẹ́sẹ̀ sí tí orí wa ò fi ní rin. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni fúláàtì náà. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń di ẹrù fún àwọn oníṣòwò Nàìjíríà, ni orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ilé. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń gbé yàrá kan pẹ̀lú àwọn òbí wa. Fọlákẹ́ àti ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá kejì. Bùrọ̀dá Múfú tó ń ṣe sìkiọ́rítì ló gba bedspace, àyè ibùsùn kan ṣoṣo, ní pálọ̀, ó fi kọ́tìnnì ya ibùsùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Òru ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn, híhanrun rẹ̀ la sì fi ń mọ̀ pé ó ti dé. Tó bá hanrun lọ títí, ọkàn wa balẹ̀. Tó bá dáwọ́ dúró lójijì, gbogbo wa á dákẹ́, torí a ti jí i nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ń dáwọ́ dúró nígbà náà. Nígbà tí ìyá àgbà mi gbọ́ ọ lórí fóònù nílé, wọ́n fara balẹ̀ bi ìyá mi léèrè bóyá a ti di Mùsùlùmí, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ará ìjọ.

Fọlákẹ́ fi oṣù díẹ̀ jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ní èjí, ó sì lè sín gbogbo ẹni tó wà nínú ilé jẹ: bí Bùrọ̀dá Múfú ṣe ń hanrun, bí bàbá mi ṣe ń wúkọ́ kó tó bínú, bí ọkùnrin Málábárì, ará Íńdíà tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa, ṣe ń mi orí tí èèyàn ò fi mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmọ́ ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi etí kàn án lẹ́nu kí n tó gbọ́ àwàdà, tí n bá sì bú sẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Ó ní ìdí. Físà rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ so mọ́ ti bàbá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí bàbá náà wà kógbá wọlé, ó ní òun ń lọ sílé lọ wá físà tuntun, òun ò ní pẹ́. Kò padà. Ìròyìn tó kọ́kọ́ dé ni pé ara rẹ̀ ò yá. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Ìjẹ̀bú. Físà kú mọ́ tìyá-tọmọ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ní kí Ìyá Fọlákẹ́ máa lọ sílé, ó ní òun ò ní lọ bá obìnrin mìíràn nínú yàrá tí òun fi òógùn ara òun ra blọ́ọ̀kù rẹ̀. Ó dúró. Nítorí náà, Fọlákẹ́ ò lè lọ sí ilé ìwé, torí kò sí ilé ìwé tó ń gba ọmọ tí kò ní físà.

Òfin ìyá rẹ̀ pọ̀. Kò gbọdọ̀ sáré lórí àtẹ̀gùn. Kò gbọdọ̀ sunkún kí ará ìta gbọ́. Tó bá rí ẹni tó wọ aṣọ ìjọba lójú títì, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù tó bá sún mọ́ ọn jù lọ, kó máa wo bisikíìtì bí ẹni tó fẹ́ rà á. “Ẹni tí wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn kì í wá a,” ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. Kì í ṣe pé ó burú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì fún ọmọ rẹ̀ jẹ nínú rẹ̀ bí ẹní fọmọ lóúnjẹ.

Nísàlẹ̀ ilé wa, obìnrin ará Kòríà kan ní ilé oúnjẹ kékeré. Àwọn atukọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ló ń jẹun níbẹ̀. Àjumà ni wọ́n ń pè é, a sì rò pé orúkọ rẹ̀ ni. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé bí àwa ṣe ń pe obìnrin ní “Àǹtí” láìmọ orúkọ rẹ̀ ni. Ìyá Fọlákẹ́ ló ń bá a fọ abọ́, tó ń bá a gé ewébẹ̀. Àjumà ò bi í ní físà. Ó kàn nawọ́ éépírọ́ọ̀nù sí i.

Tí àkókò òtútù bá dé, tí àwa tí oòrùn ti mọ́ lára bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà, Àjumà á ṣí fèrèsé tó kọjú sí títì, á gbé páànù ńlá kaná. Á bu ìyẹ̀fun tó ti wú, á tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, á bu ṣúgà pupa tó ti pò mọ́ ẹ̀pà àti sínámọ́nì sí àárín rẹ̀, á pa ẹnu rẹ̀ dé bí ẹni di àpò, á sì jù ú sínú òróró. Lẹ́yìn náà ni á mú irin, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ rí i, wọ́n ní, “Pọ́f-pọ́ọ̀fù tí ẹnì kan jókòó lé.” Àmọ́ wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì lá ìka wọn.

Kì í ṣe oúnjẹ oníwàǹwára. Ṣúgà inú rẹ̀ máa ń yọ́, á gbóná ju òróró tó dín in lọ. Àjumà á fi ìwé pọ́n ọn, á nà án sí wa, á sì tún fa ìwé náà sẹ́yìn. “Wait,” á wí. “Inside, very hot.” A ó dúró. A ó fẹ́ ẹ. A ó pín in sí méjì, ṣúgà á máa fà bí okùn láàárín wa, Fọlákẹ́ á sì fi ahọ́n gé okùn náà lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tí mo bá wà ní ilé ìwé, inú kíṣìnnì yẹn ni Fọlákẹ́ ń wà. Àjumà ò lè pe “f,” ó ń pè é ní “Pólákẹ̀,” ohùn náà sì máa ń mú kí orúkọ rẹ̀ dà bí ti ẹlòmíràn tí nǹkan kan ò ṣe rí. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun, bí wọ́n ṣe ń dúró dè é kó wú. Tí mo bá dé, a ó jókòó sórí àpò ìrẹsì lẹ́yìn kíṣìnnì, màá kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ó máa ń tètè gbọ́ ìṣirò jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé gan-an ló máa ń bi mí: bí àga ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń tò, ohun tí wọ́n ń ṣe lásìkò ìsinmi.

“Ariwo,” mo sọ fún un. “Ariwo ni gbogbo wa máa ń pa. Tíṣà gan-an ò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀.”

Ó bi mí pé, “Kò sì sí ẹni tó máa wá kó yín?”

“Ta ló fẹ́ kó wa?”

Ó mi orí, bíi ti ọkùnrin Málábárì, n kò sì mọ èwo nínú méjèèjì ló ń sọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan, èrò pọ̀ níwájú fèrèsé. Àjumà ń gbé oúnjẹ fún àwọn atukọ̀ nínú ilé, ìyá Fọlákẹ́ ń fọ abọ́, Fọlákẹ́ ló ń wo páànù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni, báàgì mi ṣì wà lẹ́yìn mi, mo dúró níta, òun sì wà nínú. Ó tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti pa ẹnu ìyẹ̀fun náà dé sì là. Ṣúgà yíyọ́ tú jáde pẹ̀lú òróró, ó bò ó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ṣúgà ò dà bí omi. Omi gbígbóná á ṣàn kúrò lára, ṣúgà á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa jó o lọ.

Fọlákẹ́ ò ké. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ là gbàgà, tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, tí ojú rẹ̀ ń wá ẹni tó máa gbà á, àmọ́ ohùn kankan ò jáde. Èmi ni mo figbe ta. Igbe mi ni Àjumà gbọ́, igbe mi ni ìyá rẹ̀ gbọ́ tó fi ju abọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ń gbọ̀n látòkè délẹ̀, ó ṣì fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun tó le láti ìgbà náà, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọ yẹn ni mo máa ń gbọ́ nínú etí mi.

Ìyá rẹ̀ gbé e gòkè, ó fi páásìtì ìfọyín kun ojú egbò náà bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara ọmọ náà ti gbóná, ọwọ́ náà wú, awọ ara rẹ̀ ti ṣí. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn.

“Ìyá Fọlákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù.”

“Tí wọ́n bá ní ká mú físà wá ńkọ́?”

“Ọwọ́ tó jóná ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí.”

“Ẹ̀yin lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Tiyín wà láàyè.”

Bàbá mi wà nínú yàrá wa, ó ti wọ bàtà iṣẹ́, kò sì lọ síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi ní ohùn ìsàlẹ̀ pé tí wọ́n bá tọpa obìnrin yìí dé ibí, òun ni wọ́n máa bi léèrè. Ìyá mi ní, “Mo mọ̀.” Bàbá mi ní, “Ọmọ tiwa náà wà ńbí.” Ìyá mi tún ní, “Mo mọ̀.” N kò rò pé èèyàn burúkú ni bàbá mi. Ohun tí mo rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo wá ń rí lójú ọ̀pọ̀ ọkùnrin nílẹ̀ yìí: àánú àti ìbẹ̀rù tí wọ́n ń du ojú kan náà.

Ibi tí a dé nìyẹn tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Àjumà ni. Kò gòkè wá sọ́dọ̀ wa rí. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó tò ó, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọwọ́ náà.

“Hospital,” ló wí.

Ìyá Fọlákẹ́ mi orí. “No visa, Madam. Police.”

“Hospital.”

“No, Madam. Please.”

Àjumà wò ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ. “Okay,” ó ní. “I sit.”

Ó sì jókòó. A ń gbọ́ àwọn oníbàárà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ rẹ̀ nísàlẹ̀, kò mira. Ìyá Fọlákẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kò mira. Ó kàn ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí ọmọ náà, ó ń pè é, “Pólákẹ̀, Pólákẹ̀.” Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa nígbà tí a ṣàkíyèsí pé Bùrọ̀dá Múfú ò hanrun mọ́. Ó jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti wọ ṣòkòtò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Ìyá Fọlákẹ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n gbé e,” ó ní. “Tí wọ́n bá bi mí, màá ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹnì kan, kí wọ́n mú èmi. Yalla, ó yá.”

Ó gbé e kọ́ èjìká. Ìyá Fọlákẹ́ tẹ̀ lé wọn, ó mú sílípáàsì rẹ̀ dání, kò rántí wọ̀ ọ́. Àjumà ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ tó fi ń ra ọjà fún wọn. Bàbá mi sáré sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó wọ iwájú ọkọ̀ ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi ló pa dà sọ fún mi pé ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wò lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìwé, Ìyá Fọlákẹ́ sì bú sẹ́kún, ó sọ òótọ́ ibẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dè é. Àkókò kan ni tí ìjọba là kalẹ̀ kí àwọn tí físà wọn ti kú lè lọ sílé láìjìyà, wọ́n ní kó má jẹ́ kó kọjá òun. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sá. Ó ní òun á lọ.

Fọlákẹ́ padà wálé pẹ̀lú báńdéèjì. Àjumà ò ṣí fèrèsé náà mọ́ ní àkókò òtútù yẹn. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ní, “Tí mo bá délé, màá lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń pariwo.” Mo ní kó mú mi dání. Ó ní ta ló fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ sínú báàgì. A rẹ́rìn-ín, ọwọ́ tó dá ló fi bo ẹnu mi.

Wọn ò sọ ọjọ́ náà fún mi. Bóyá wọ́n ń bẹ̀rù ẹnu ọmọdé, bóyá wọn ò fẹ́ ẹkún mi. Mo ti ilé ìwé dé, mo rí i pé yàrá kejì ṣí sílẹ̀, wọ́n ti ká ibùsùn, wọ́n ti gbá ilẹ̀. “Wọ́n ti lọ,” ni ìyá mi wí. “Ó ní ká kí ẹ.” Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tọkọtaya mìíràn ti kó wọbẹ̀, òórùn ọbẹ̀ tiwọn sì ti gba gbogbo ilé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Àjumà. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ń bó áyù. Ó wò mí, ó sún, ó fi ọ̀bẹ kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Kò sí èdè kan tí a jọ gbọ́ tó láti sọ̀rọ̀ náà. A jọ bó áyù títí abọ́ fi kún. Kò pẹ́ sígbà náà, òun náà kó lọ, ṣọ́ọ̀bù fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti lọ sílé, tí mo ti padà wá síbí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ẹni, Bùrọ̀dá Múfú tó ti fẹ̀yìn tì sílé bá mi wá nọ́ńbà Fọlákẹ́ rí. Mo pè é, mo kí i.

“Ẹ káàsán ma. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

Mo dárúkọ ara mi. Mo dárúkọ Karama. Mo dárúkọ àpò ìrẹsì.

“Ẹ má bínú ma,” ó ní. “Mi ò rántí Dubai dáadáa. Màámi ò fẹ́ ká máa sọ ọ́, títí wọ́n fi kú. Mo rántí pé ilé náà ní àtẹ̀gùn.” Ẹ ló ń fi pè mí, èmi tí òun fi oṣù díẹ̀ jù lọ. Mo bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní tíṣà ni òun. Bó ṣe ń sọ ọ́, ariwo àwọn ọmọ bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní kí n dúró, ó yí ojú sí wọn, ó sì pariwo lé wọn lórí, ohùn tó nípọn, tó lọ jìnnà, tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo tọrọ àforíjì pé mo dí i lọ́wọ́, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo sunkún, n kò sì lè sọ bóyá ìbànújẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí Karama, ọmọdé ní káàdì ìdánimọ̀ Emirates ID tirẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ tó jìnnà síra wọn ń rí ojú ara wọn lórí fóònù. Àmọ́ físà ìdílé ṣì so mọ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní gbogbo ìparí sáà, àga kan á ṣófo ní kíláàsì Tẹniọlá, wọ́n á ti gbé ọmọ mìíràn jókòó síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Lánàá, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan, ọmọ ará Fílípíìnì, ń lọ sílé pátápátá, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. International City, ní Dubai, ni wọ́n ń gbé. Ọkọ mi ní ọ̀nà jìn, pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti di gbogbo ẹrù, kò sí àga kankan. Àwọn ọmọ méjèèjì jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń di irun fún èkejì, wọn ò sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì. Ìyá ọmọ náà wo aago, ó wò mí, ojú ń tì í láti sọ pé àkókò ti tó.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí irun náà,” mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì jókòó sórí àpótí wọn kan bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ.